Ijó Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ìró Sìmbíátù tú níbi tó ti ń jó. Ó sáré gbá a mú, ó tún un ró, ó ń bá ijó lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Ìró yìí kan náà ni kì í yí ìdí rẹ̀ ká tán lọ́jọ́sí. SÁÀPÙ, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba sójà gbé dé tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, ti sọ ọ́ di ìró tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

Orin tó ń jó sí, Àbíjàn ló ti wá. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni awakọ̀ kan máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ìpàdé àwọn ọmọ ilé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá fún agbo ilé wọn l'Ẹ́dẹ. Àwọn tilé á gbọ́ ọ, wọ́n á sì gba èsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé tó wà lọ́hùn-ún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí Bàbá Rájí, olórí ilé, tó kí èèyàn méjì tán, oorun á ti gbé ìyókù lọ. Sìmbíátù ló ní kí wọ́n máa fi orin àti ijó là á lójú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ò sì lè ríran, Fàtímọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, á máa ròyìn ijó Sìmbíátù sétí ẹ̀rọ: "Ìyá Naimat ló bọ́ sójú agbo yìí o! Ó ti sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún!" Irọ́ gbuu! Àmọ́ wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàgbé ebi fúngbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, nǹkan kan ṣoṣo ni Sìmbíátù fẹ́ gbọ́: ọjọ́ tí Àtàndá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ó ti ṣèlérí pé ilé lòun ó ti ṣe Iléyá. Oko wọn ní Alájue ti di igbó, apá obìnrin kan ò ká a. Gààrì ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ lòun àti Naimat ọmọ rẹ̀ ń mu.

Orin dákẹ́. Ohùn Àtàndá jáde, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Naimat, mo gbọ́ ijó yín. Mo gbọ́ pé o ti sanra. Àyà mi ti ń já tẹ́lẹ̀, torí ohun tí wọ́n ń sọ nípa Nàìjíríà níbí ò dáa. Mo ti di ẹrù mi. Ìgbà tí mo gbọ́ yín, ọkàn mi balẹ̀, mo tú u. Ó di ọdún méjì sí i. Ẹ máa jó lọ."

"Alihamudulilai," Bàbá Rájí wí. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì sójú kejì, ó tẹ bọ́tìnì pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó kọjú sí Sìmbíátù. "Ìyàwó, dá orin sílẹ̀, káwọn ọmọ mi gbọ́."

Inú ń bí Sìmbíátù, kò sì mọ ẹni tí ì bá bínú sí. Fàtímọ̀ ni àbí Àtàndá? Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ijó ọ̀hún sílẹ̀, Naimat ń sunkún ebi ní yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí orin ròkè, kí ẹkún ọmọ má baà wọnú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òun ò tiẹ̀ dákẹ́. Orin ló ń kọ.

"Ìyá Naimat ló dìde yìí o!" Fàtímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe—"

Sìmbíátù rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má pa ẹ̀rọ náà."

Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ń wò ó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé láti ọdún mẹ́ta tí ọkọ òun ti lọ, òun ò tíì bá a sọ̀rọ̀ rárá.

"Bàbá Naimat," ó ní, "ebi ń pa wá. Ẹ tún ẹrù yín dì."