Píkọ́ọ̀pù Tó Ga Ju Bàbá Lọ

Ẹsẹ̀ Bàbá gòkè, ó dúró lófuurufú, ó kù díẹ̀ kó kan irin àtẹ̀gùn ara píkọ́ọ̀pù, ó sì padà sílẹ̀. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

"Ẹ tún un gbé, Bàbá," ni Sípánà ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. "Ó ku ìka méjì péré."

"Ìka méjì ta ni?"

"Ìka tèmi."

"Ó dáa. Fi ìka rẹ méjèèjì gbé mi wọlé nígbà náà."

Bàbá kẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ padà sórí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí rẹ̀ nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú bí yóò ṣe tún máa rìn. Ó ti pa á jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì tó pè lórí fóònù lánàá ò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ pé bí àwọn ò bá rí Bàbá lónìí, ẹlòmíì ló máa gba àyè rẹ̀, torí àwọn tó ń dúró pọ̀ bí eèrà. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló ń dún létí Sípánà látàárọ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì pariwo ni, òun náà ì bá pariwo, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀.

Kí ló kúkú wúwo lára Bàbá tí wọn ò fi lè gbé e? Àìsàn ti fá a kù bí ọ̀pá tó fi ń rìn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, orúnkún ni Bàbá ti fi ọ̀pá dá a lóhùn.

"Òkú ni wọ́n ń gbé," ni Bàbá wí. "Àpò ìrẹsì ni wọ́n ń gbé. Èmi, ṣe ni mo ń wọ ọkọ̀."

Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ jẹun ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló máa bá a jiyàn?

Ẹ sì wá wo ẹni tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí! Sípánà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi ohun tó wúlò kún ara píkọ́ọ̀pù. Ìhòòhò ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ wá bá a, òun ló máa ń wọṣọ fún un. Ẹni tó ń kó òkúta, á tẹ́ rọ́bà tó nípọn sí i lẹ́yìn kí òkúta má baà ha irin. Ẹni tó ń kó ọjà tí òjò ò gbọdọ̀ kàn, á ṣe ìdérí tó ń ká bí ẹní fún un. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi, á jó irin ìfàkọ̀ mọ́ ọn nídìí. Irin ààbò níwájú, àgbékà lórí, kámẹ́rà lẹ́yìn fún àwọn tí ọrùn wọn ò yí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kórìíra ni kí ẹni tí kì í kúrò nígboro wá ní òun fẹ́ iná ńlá mẹ́jọ lórí ọkọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi wá?" á bi í. "Àbí ìyàwó yín ló sọnù sínú òkùnkùn?"

Ká má tan ara wa, ẹnu rẹ̀ ń lé oníbàárà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá wọn padà.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti gbé Bàbá dé láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ọwọ́ náà ò sinmi. Píkọ́ọ̀pù Bàbá, ọkọ̀ àtijọ́ tí ìjókòó iwájú rẹ̀ gùn tán bí bẹ́ńṣì, ló dojú kọ. Ó jó irin àtẹ̀gùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn èrò. Ó de irin ìdìmú mọ́ inú rẹ̀, ó fi rọ́bà wé e kó má baà ta Bàbá lọ́wọ́. Ó ṣe ìdè sẹ́yìn fún kẹ̀kẹ́ aláìlera, bí Bàbá tilẹ̀ ti búra pé òun ò ní jókòó sínú rẹ̀. Ó fi ewé sípíríǹgì kan, irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọkọ̀ ró, kún ìdí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì kó má baà máa rì. Tó bá parí ọ̀kan, á wá òmíràn. Kò lè jókòó ti Bàbá títí tí tíì fi máa tutù nínú ife. Kó tó pẹ́, á ti dìde, á ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ wá nọ́ọ̀tì kan.

"Bí o bá tún fi nǹkan mìíì mọ́ ọkọ̀ yẹn," ni Ìyá Télọ̀, aládùúgbò wọn, sọ fún un, "á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀."

Gbogbo rẹ̀ náà nìyí. Ìka méjì ló kù.

Sípánà fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó na téèpù láti ilẹ̀ dé irin àtẹ̀gùn. Ó wò ó. Ó tún un nà. Ọkọ̀ fi odidi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju bó ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Ta ló wá gbé e sókè? Irin kì í dàgbà!

Orí rẹ̀ lu ìdí ọkọ̀ nígbà tó yé e.

Òfin kan ló ní lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí oníbàárà tí kò tíì fi da láàmú: kì í wọn ọkọ̀ òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ di ẹrù tẹ́ ẹ máa ń rù sí i lẹ́yìn, á ní, kí sípíríǹgì lọ sílẹ̀, ká mọ ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ọkọ̀ Bàbá. Ọjọ́ tó fẹ́ jó àtẹ̀gùn mọ́ ọn, páìpù irin oníbàárà kan kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́fọ́, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹrù ti wà níbẹ̀, òun ò ní wá a kiri. Ó wọ̀n ọ́n, ó jó o, ó kùn ún. Lọ́jọ́ kejì oníbàárà kó irin rẹ̀ lọ. Sípíríǹgì mí kanlẹ̀, ó dìde, tòun ti ewé tuntun tí Sípánà fi kún un. Àtẹ̀gùn bá a lọ sókè. Ọmọ wọn ọkọ̀ fún páìpù irin, ó gbàgbé pé Bàbá òun ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n ti pa ilé ìwòsàn jẹ, ẹsẹ̀ Bàbá ni gbogbo wọn dá lẹ́bi.

Ó yọ jáde, eruku lójú, ó lọ bá Bàbá lórí àga.

"Bàbá, ẹjọ́ mi ni. Irin wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Láti ojú fèrèsé. Mo ní, ṣé èmi lo fẹ́ gbé ni àbí irin?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Nígbà tí gíráíńdà ń ké, ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀?"

Sípánà sáré gbé àpótí pákó kan wá síwájú àtẹ̀gùn. Bàbá wo àpótí náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé mo fẹ́ wàásù ni?"

Sípánà ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú sípánà ńlá, ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ láti yọ ewé sípíríǹgì, ṣùgbọ́n bóòtù tó fi gbogbo agbára rẹ̀ dì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ò mira. Ó kéré tán, á gbà á ní wákàtí kan ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún jáde. Ó lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù irinṣẹ́, ó padà. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó padà. Ẹrù. Ẹrù ló máa rẹ ọkọ̀ yìí sílẹ̀, kò sì sí irin kan ṣoṣo lọ́gbà.

Ló bá bọ́ sójú títì.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Mo ń wá ẹrù o!"

Ìyá Télọ̀ yọrí lójú fèrèsé, téèpù lọ́rùn. "Ẹrù wo?"

"Ẹ̀yin gan-an, mà. Ẹ wá gorí ọkọ̀ Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún mi."

Ìyá Télọ̀ wo ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mélòó lẹ ti ń fi sísanra bú mi ládùúgbò yìí? Ẹ gbé àga wá, ẹ gbé mi gòkè. Mo dọjà lónìí!"

Káfíńtà dé, ó ń tiro díẹ̀. "Mò ń bọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Bàbá jìnnà sí orúnkún mi." Onígbàjámọ̀ dé, òun àti oníbàárà rẹ̀ tó ti fá lórí dé àárín, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn onítọ̀hún. Àwọn mẹ́rin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì náà kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò bèèrè nǹkan kan. Ọkọ̀ ké kíì, ó rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Sípánà kúnlẹ̀ ti téèpù.

"Ó ku ìka kan! Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn pátápátá."

"Ṣé ò ń wọ̀n mí ni?"

"Ó ti kàn án! Kí ẹnikẹ́ni má mira! Bàbá, ó yá!"

Bàbá dìde. Ó rọra wá, ọ̀pá, ẹsẹ̀, ọ̀pá, ẹsẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ tó le, ó gbé e lé irin àtẹ̀gùn wẹ́rẹ́. Ó di irin ìdìmú mú. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sé èémí. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo àyè tí wọ́n fẹ́ kó jókòó sí, tìmùtìmù tuntun wà lórí rẹ̀.

Ó jọ̀wọ́ irin ìdìmú. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gòkè," ni Ìyá Télọ̀ bẹ̀bẹ̀, "káfíńtà ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pa."

Bàbá ti ń lọ. Ó gba iwájú ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ bí ẹni ń kí ẹran ọ̀sìn, títí ó fi yí dé òdìkejì. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọ̀rọ̀ gbígbóná ti tò sẹ́nu Sípánà bó ṣe sáré tẹ̀lé e.

"Bàbá, ẹ ò lè wakọ̀!"

"Mo sọ pé mo fẹ́ wakọ̀?"

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ wọlé."

Láìwo ojú rẹ̀, ó fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Kò sí àtẹ̀gùn ní ẹ̀gbẹ́ yìí. Kò sí irin ìdìmú. Ó fi ọwọ́ tó le gbá sítíárìn mú níbi tí awọ rẹ̀ ti bó, ó gbé ẹsẹ̀ tó le, ó mi ìdí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti wà lórí ìjókòó, bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ gbogbo nígbà tí Sípánà ṣì ń gbé báàgì ilé ìwé. Ó fi ọwọ́ fa ṣòkòtò, ó gbé ẹsẹ̀ tó rọ wọlé tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ó jókòó sídìí sítíárìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé ọwọ́ kejì lé sítíárìn náà. Lẹ́yìn náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí sún, díẹ̀díẹ̀, lórí ìjókòó gígùn náà, títí ó fi dé ìhà kejì.

Sípánà dúró, ọ̀pá lọ́wọ́. Kò rántí ọjọ́ kan tí Bàbá gba ilẹ̀kùn èrò wọ ọkọ̀ yìí. Ìyá òun ló ń gba ibẹ̀, kó tó kú. Àlejò ló ń gba ibẹ̀. Oníbàárà tí kò mọ̀ rí, kó tó lu ihò kan sára ọkọ̀ rẹ̀, á ti bi í ní ogún ìbéèrè: kí lẹ ń kó, ta ló ń bá yín jókòó, apá ibo lẹ máa ń gbà sọ̀kalẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò bi Bàbá ní ẹyọ kan.

"Ṣé ká máa sọ̀kalẹ̀?" ni káfíńtà bèèrè.

"Ẹ máa bọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ọkọ̀ ń dìde, ó ń gbé Bàbá lọ sókè.

"Bàbá, ìgbà wo la tún ń bọ̀?" Ìyá Télọ̀ ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá."

Sípánà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti gbáradì: ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ di irin mú, ẹ fa bẹ́líìtì. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó tan ọkọ̀, ó sì jẹ́ kó máa dún fúngbà díẹ̀.

"Bàbá, ọ̀nà wo ni ká gbà?"

Bàbá yí ojú sí i, ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a pàdé. Ó ronú sí i dáadáa, kò kánjú.

"Ẹ̀yìn ilé ìwé," ló ní. "Ó jìn díẹ̀. Àmọ́ kò ní kòtò."

Sípánà wo aago. Ó sì yí sítíárìn sí ẹ̀yìn ilé ìwé.