Ìbò Kan Ṣoṣo ní Mbahura

Ní Mbahura, ẹnu kan ni gbogbo ìlú fi ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn àgbà bá ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n mu ọtí búrúkútù, tí wọ́n sì fẹnu kò, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó gbé e mì. Báyìí ni wọ́n ṣe fẹnu kò lọ́dún yìí pé ọkùnrin ẹgbẹ́ Alákàbà ni kí gbogbo ilé dìbò fún, torí pé àna Zaki Ugbah, olórí ìlú, ni. Orduen, tí í ṣe aṣojú ẹgbẹ́ náà, fọwọ́ sọ̀yà níwájú Zaki.

"Bí ìbò kan bá já bọ́ níbí, Zaki, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀."

Kpadoo, ìyàwó Orduen, ló gbé iyán kalẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́, inú sì ń bí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin Alákàbà yìí ti wá jẹ iyán òun, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣèlérí afárá, orí òkúta làwọn ọmọ sì ń fò kọjá odò lọ sílé ẹ̀kọ́ títí dòní. Obìnrin nọ́ọ̀sì tó ń du ipò lábẹ́ ẹgbẹ́ Oníkòkò ló wù ú. Obìnrin yẹn ló wọ odò náà dé ìbàdí nínú òjò, tó wá gbẹ̀bí Doose, àkọ́bí òun. Ẹni tó ti wọ odò kò nílò kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé afárá fún un.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdìbò, nígbà tí Kpadoo dé ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi ṣe ibi ìkọ̀kọ̀, orí àwòrán ìkòkò ló tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ lé. Ó ká ìwé náà, ó sọ ọ́ sínú àpótí, ó jáde wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń lọ pọn omi.

Ohun kan ló gbàgbé. Àpá wà lára àtàǹpàkò yẹn. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ iṣu ló là á gbọọrọ, Orduen ló sì ń wẹ ojú egbò náà fún oṣù kan gbáko.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n tú àpótí. Atim, àgùnbánirọ̀ ará Kàlàbá tí àjọ elétò ìdìbò fi ṣe alákòóso ibùdó náà, ń gbé ìwé sókè níkọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń kà á tẹ̀ lé e. Alákàbà, Alákàbà, Alákàbà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé àádọ́rùn-ún nígbà tó dúró.

"Oníkòkò, ọ̀kan," ó wí.

Kpadoo rọra ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, Orduen ò ní lè jókòó lábẹ́ máńgòrò mọ́ láéláé, òun alára á sì fi ewúrẹ́ bẹ ìlú. Èyí tó tiẹ̀ ká a lára jù ni pé wọ́n lè da ìbò náà nù.

Atim ka èyí tó kù tán. Ọgọ́fà fún Alákàbà, ọ̀kan fún Oníkòkò.

Zaki wúkọ́. "Kọ́pà, ọmọ mi, da ọ̀kan yẹn mọ́ tàwọn yòókù. Kí ni ọ̀kan fẹ́ ṣe?"

"Kò lè ṣe nǹkan kan, Zaki. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní bínú tí mo bá kọ ọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè pa á mọ́ra.

"Kọ ọ́ nígbà náà pé ó bàjẹ́. Arúgbó kan ló ṣì í tẹ̀."

"Àmì náà ò kan ilà rárá, bàbá. Kò bàjẹ́."

"Ta tiẹ̀ ni aṣojú Oníkòkò níbí?" ẹnìkan jágbe láti ẹ̀yìn. "Ta lò ń gbèjà?"

"Wọn ò ní aṣojú níbí," Atim dáhùn. Kò gbé ohùn sókè. "Àjọ tó rán mi ò rán mi sí Oníkòkò, kò sì rán mi sí Alákàbà. Ohun tó bá wà nínú àpótí ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n wá ṣe nìyẹn."

"Ó dáa. Gbé e wá kí n wò ó. Kò sí ìka tí n ò mọ̀ nílùú yìí."

"Ẹ máa wò ó láti ibi tí ẹ wà, Zaki. Mi ò lè jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi." Ó sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ojú mi ò ríran débẹ̀ mọ́. Orduen, ìwọ lo sún mọ́ ọn. Kí lo rí?"

Orduen na ọrùn. Kpadoo rí i tí ọrùn náà le gan-an.

"Ìka ni mo rí, Zaki. Ìka èèyàn."

"Ìka ta?"

"Ta ló ń dá ìka mọ̀ nínú yíǹkì? Gbogbo wa la dúdú níbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ, Zaki sì pòṣé. Orduen fa bírò yọ, ó buwọ́ lu ìwé èsì. Atim lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan yẹn wà níbẹ̀ gedegbe. Kpadoo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yà sílé, inú rẹ̀ sì dùn.

Nílé, ó gbé iyán síwájú ọkọ rẹ̀. Orduen di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó wo àpá náà.

"Ṣé ọ̀rọ̀ afárá yẹn dùn ẹ́ tó báyìí?"

"Ó dùn mí, Bàbá Doose. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì."

"Ta ló ní kí o tọrọ ẹ̀?" Ó bu òkèlè, ó rún un mọ́ ọbẹ̀. "Ní ọdún mẹ́rin òní, ìka kékeré ni kí o fi tẹ̀ ẹ́."