Òbúkọ Tí Wọ́n Sin Kó Tó Kú

Ọwọ́ Múyìwá ti wà lórí òbúkọ náà kó tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ.

"A fi ẹ̀mí arákùnrin wa yìí lé Ọ lọ́wọ́, Olúwa. Làálàá rẹ̀ ti tán. Gbà á síbi ìsinmi, kí ìmọ́lẹ̀ Rẹ máa tàn sí i."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbójú sókè. Ẹni tó ń tẹ dùùrù gbé ìka sókè, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Òbúkọ nìkan ló fèsì. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tó ń ṣe àmín.

Ọjọ́ Ìkórè ni. Ohun tí olùkọ́ ìjọ ní láti ṣe kò ju kó gbé ọwọ́ lé ohun tí àwọn ènìyàn mú wá, kó dúpẹ́, kí wọ́n sì wọ́ ọ lọ sẹ́yìn. Ó ti dúpẹ́ lórí iṣu. Ó ti dúpẹ́ lórí tòlótòló. Ìgbà tó kan òbúkọ ni ahọ́n rẹ̀ yà bàrá, tó gba ọ̀nà tó mọ̀ jù lọ. Òkú mẹ́sàn-án ló sin láàárín oṣù méjì. Ìjọ Yorùbá tó wà ní àdúgbò D-Line kò ní àlùfáà láti ọdún tó kọjá, nítorí náà Múyìwá ló ń wàásù, òun ló ń sin òkú, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé, òun náà ló tún ń nu eérú dúdú èéfín epo tí ojú ọ̀run Port Harcourt ń rọ̀ sórí ìjókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé, bó bá ń gbàdúrà, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń gbà á nínú yàrá kejì.

Òní kọ́ ló yẹ kó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí oyè àlùfáà. Òní ni alábòójútó ń bọ̀ láti wá wò ó bóyá ó yẹ. Oúnjẹ Ìkórè ni wọn yóò fi ṣe é lálejò, òbúkọ yìí gan-an sì ni oúnjẹ náà.

Ìsìn kò tíì parí tán tí Ibinabo, alága ìgbìmọ̀ Ìkórè, fi ká a mọ́ yàrá aṣọ. Ọmọ Kalabari ni, ọkọ ló mú un wọ ìjọ Yorùbá.

"Olùkọ́, I greet o. So na goat you don carry go heaven?"

"Àṣìsọ ni, mà."

"Àṣìsọ kẹ̀? Ogún ọdún ni mo fi jẹ́ ìyàwó Yorùbá, mo mọ àṣìsọ. This one na burial. Ó kù kẹ́ ẹ ní ká gbé pósí wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Abdulwahab ní òun ò pa á mọ́."

Múyìwá jókòó. Ó tún dìde.

Lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí òun àti Ibinabo jáde sí, Abdulwahab, alápatà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń bá wọn pa ẹran lọ́dọọdún, jókòó sórí kórobá tó dojú dé. Ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì wà nínú bébà. Òbúkọ ń jẹ ìwé ètò ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé orin kẹta.

"Ẹ kú ìsìn, Olùkọ́. Mo gbọ́ yín láti ojú fèrèsé. Ẹ má bínú, mi ò lè fọwọ́ kàn án."

"Òbúkọ ni, Abdulwahab."

"Mo mọ̀ pé òbúkọ ni. Ẹ̀yin lẹ pè é ní arákùnrin. Àdúrà òkú, àdúrà òkú ni, ì báà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá wá pa á báyìí, kí ni mo pa? A kì í pa òkú."

"Ẹranko ò ní ọkàn. Ẹ̀kọ́ tiwa nìyẹn. Èémí lásán ló ní. Tó bá ti kú, ó tán."

"Ẹ lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, kí gbogbo wọn gbọ́. Kí n lè pọ́n ọ̀bẹ."

"Shikena, ó parí," ni Ibinabo wí. "Ẹ̀yin ṣáà bọ́ síta, tell them say goat no get soul, kẹ́ ẹ gba àdúrà yẹn padà. Bàlúù alábòójútó ti balẹ̀ ní airport Omagwa tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ ọ pé igi ní ẹ̀mí tó ń hù, ẹranko ní ẹ̀mí tó ń rìn, ènìyàn nìkan ló ní ọkàn tó ń padà sọ́dọ̀ Ẹni tó dá a. Ó gba máàkì tó dára lórí ìbéèrè yẹn. Nígbà tí ọmọdé kan bi í bóyá ajá òun yóò dé ọ̀run, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí sì ti balẹ̀ sáàárín ìwo òbúkọ.

Ó ń lọ síbi makirofóònù tí wọ́n gbé síta fún àsè nígbà tó rí Màmá Dúpẹ́olúwa, opó tó mú òbúkọ náà wá, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, mà. Mo fi ẹran yín ṣe ẹlẹ́yà."

"Ẹ dìde, Olùkọ́. Ẹ jókòó. Ó rẹ̀ yín."

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti ọdún kan. Ó jókòó.

"Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ sin Adéwọlé, ọkọ mi?"

Òjò ló rántí. Òjò, àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dúró dè é, nítorí òkú mìíràn ń retí rẹ̀ ní Aluu.

"Ẹ kọrin. Ẹ ka Bíbélì. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ wá wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ ò sọ ọ́."

"Kí ni mi ò sọ, mà?"

"Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń fi ẹ̀mí olóògbé lé Olúwa lọ́wọ́. Mo dúró nínú òjò, mo rò pé ẹ ń padà bọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ ibi tí ọkọ mi wà."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, òkú ẹlòmíràn lẹ ń sin." Ó fi ẹnu tọ́ka sí òbúkọ. "Bàbá ló tọ́ ọ. Láti ìgbà tí bàbá ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ aṣọ́bodè tó fi ń yẹ ẹrù wò, ẹran yìí nìkan ló kù tó ń yẹ̀ wò. Láràárọ̀, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, 'Kí lo gbé wọlé?' Òní lẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀ yẹn gan-an, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò fo ìkankan. Mo ní ó ti parí. Ó ti dé ibi tó ń lọ."

Ibinabo ń fi ọwọ́ pè é. Omi ti ń hó nínú ìkòkò. Alábòójútó ti dé, ó ti jókòó sí iwájú, ó ń fi áńkáṣífù nu eérú dúdú lára ọrùn aṣọ rẹ̀.

Múyìwá mú makirofóònù.

"Wọ́n ní kí n sọ bóyá òbúkọ ní ọkàn," ó wí. "Mi ò mọ̀."

Ibinabo dijú.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, mi ò gbà á padà. Ó ní ẹni tó ni ín. Adéwọlé ni, tí mo sin nínú òjò, tí mo sì sá kúrò lórí rẹ̀ láì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́."

Wọ́n dìde. Alábòójútó ló dìde gbẹ̀yìn.

Tòlótòló ni wọ́n jẹ. Abdulwahab pa á láìjanpata. Ọpẹ́ lásán ni wọ́n ṣe lórí tìyẹn. Alábòójútó jẹ itan kan tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, Múyìwá, a ó tún wò ó."

"Mo gbọ́, sà."

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó bá Màmá Dúpẹ́olúwa mú okùn òbúkọ dání lẹ́nu ọ̀nà, kí màmá lè dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ìgbà yẹn ló rí i pé irun àárín ìwo ẹran náà ti pá, ó ń dán, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó gbóná. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó lóṣòó.

"Kí lo gbé wọlé?" ó bi í, jẹ́jẹ́.