Orúnkún Tí Kò Kanlẹ̀

"Tinúkẹ́! Bọ́ọ̀lù ni o, kì í ṣe ejò!"

Ohùn Kóòṣì John la gbogbo pápá já. Bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí Tinúkẹ́ dá dúró ti yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ sínú eruku lábẹ́ ògiri. Kàbírátù ni ó sáré lọ bá a. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin yìí ní Minna. Bí Kàbírátù ṣe ń kọjá, èjìká rẹ̀ kàn fara kan aṣọ Tinúkẹ́ lásán ni, Tinúkẹ́ sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Haba, Tinú!" Kàbírátù bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì fọwọ́ kàn ọ́ o. Ṣé kí n máa kan ilẹ̀kùn kí n tó kọjá ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Tinúkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí orúnkún òsì, níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ ti ń dán nínú oòrùn.

Kóòṣì fun fèrè, ó sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Gbọ́, ọmọ mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti tún ẹsẹ̀ yìí ṣe. Tí o bá ń dá sáré, kò sí ẹni tó lè bá ọ. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ti sún mọ́ ọ báyìí, o di ẹlòmíràn. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ ń bọ̀ wá wò yín ní Sátidé. Tí o bá tún yẹra fún bọ́ọ̀lù lójú wọn, Kàbírátù ni màá fi sí ipò rẹ lọ títí. Kin ji?"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ó tẹ orí ba díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Láyé àtijọ́, orúnkún rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àbdùlbáàkí ni ó gbà lọ láti ibẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni ọkùnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa fi eré ìdárayá dá agbára padà sínú ẹsẹ̀ àti apá tó ti fara pa, nínú yàrá kan ní Bosso. Lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà ni Tinúkẹ́ ti bá Bàlíkísù pàdé, ọmọbìnrin asáré kan tí àwọn jọ ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàlí? Ṣebí wọ́n ti dá ọ sílẹ̀?"

"Èmi ni mo dá ara mi sílẹ̀." Bàlíkísù ò wo ojú rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò kàn mí o. Mo kàn yí padà lójú ọ̀nà ni. Mo gbọ́ ọ kí ó tó dùn mí. Ó dún kọ́! Bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ."

Tinúkẹ́ yẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí ọ̀pá náà. Ó mọ ìró náà. Òun náà ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ já, láàárín ariwo gbogbo èrò pápá, bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ sí i létí nìkan.

Nínú yàrá, Ọ̀gá Àbdùlbáàkí tẹ orúnkún náà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ kan fò. Ó fò. Ó ní kí ó gun àpótí kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe é.

"Okùn iṣan tí wọ́n tún so nínú rẹ̀ ti di ṣinṣin," ó ní. "Iṣan itan rẹ ti padà. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò lè já mọ́ láé, ìwọ náà rí Bàlíkísù níta. Ṣùgbọ́n Bàlíkísù kánjú padà. Ìwọ ti dúró kí àkókò pé. Ó dáa, kúnlẹ̀ sórí ẹní yẹn fún mi."

Tinúkẹ́ dúró bí òpó.

"Kí ló dé?"

"Mi ò lè kúnlẹ̀, sà. Màmá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́."

"Ẹ̀jẹ́ báwo?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Àbújá, sà. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n rìn, orúnkún yìí ò ní kanlẹ̀ fún ènìyàn kankan títí yóò fi kọ́kọ́ kanlẹ̀ níwájú Òun, lọ́jọ́ tí a bá ṣe ìdúpẹ́."

"Ẹ ò tíì ṣe ìdúpẹ́?"

"A ò tíì ṣe é, sà."

"Gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mo ní kí o máa ṣe nílé láràárọ̀ ńkọ́?"

"Mo ń fo ìyẹn, sà."

Ọ̀gá Àbdùlbáàkí fọwọ́ gba iwájú orí. Ó fẹ́ bínú, kò rí i bí. "Lá ìlàha," ó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò ní sọ pé kí o da ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ. Ọmọ ta ni mí? Ṣùgbọ́n ẹ ń gbé orúnkún yìí kiri ilé bí ẹyin láti àárọ̀ dalẹ́, o wá fẹ́ kí ó gbàgbé pé ẹyin ni òun tó bá dórí pápá? Lọ bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìdúpẹ́."

Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí kẹ̀kẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Dutsen Kura. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rá kiri òpópónà. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú pálọ̀, aṣọ léèsì funfun kan tẹ́ lé e lórí itan títí dé ilẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Oo. Jókòó, jókòó. Má dúró sórí ẹsẹ̀ yẹn."

Láti kékeré Tinúkẹ́, ní gbogbo òwúrọ̀, bí ó bá ti kúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí, tí yóò sì máa kì í, láti orí Àjọkẹ́, orúkọ oríkì rẹ̀, dé orí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ Àbújá, oríkì náà ti dákẹ́. Ìyá rẹ̀ kì í ki ẹni tó wà lóòró.

"Màmá, ìgbà wo la máa ṣe ìdúpẹ́?"

"Tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá ti dé láti ilé."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà Àjíǹde, mà."

"Aṣọ ìdúpẹ́ ò tíì parí. Ṣé o ò rí i lọ́wọ́ mi ni?"

"Ó parí nígbà Kérésì, mà. Mo wọ̀ ọ́ wò. Ẹ̀yin lẹ ń tú u, tí ẹ tún ń rán an."

Ẹ̀rọ dúró. Òde nìkan ni ó ń dún, páànù ẹnìkan tí afẹ́fẹ́ ń gbá.

"Mo rí aṣọ yìí lójú oorun," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko pápá. Nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ṣí i, mo kọ̀." Ó ká aṣọ náà jọ sókè bí ẹni pé ilẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbọ́ orúnkún rẹ lọ́jọ́ yẹn, Tinúkẹ́. Láti orí bẹ́ńṣì tí mo jókòó sí létí pápá. Tí o bá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ tí ó tún dún bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Tí kò bá sì dún, ṣebí pápá náà lo máa padà sí?"

Tinúkẹ́ ti rò pé ẹ̀rù òun nìkan ni ó wà nínú ilé náà.

"Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá wò wá, mà."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run á fi òjò dí wọn lọ́nà."

Òjò ò rọ̀. Ìkùukùu kàn jókòó sórí ìlú títí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́, ó dúdú, kò sì mira. Tinúkẹ́ wọ jẹ́sì rẹ̀, ó so bàtà bọ́ọ̀lù kọ́ ọrùn, ó jáde sí pálọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lórí àga, ó ń gbàdúrà lóhùn tí kò ju èémí lọ. Tinúkẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú àdúrà náà. Ó gbọ́ "dí ọ̀nà náà, Baba."

Ó rọra gbé bàtà sílẹ̀. Ó fi orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó di etí àga mú, ó sì sọ ti òsì kalẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

Kọ́.

Àdúrà dá. Ìyá rẹ̀ ò yíjú. "Mo gbọ́ ọ kí ó tó dùn mí," ni Bàlíkísù ti wí. Tinúkẹ́ ń retí ìrora náà. Ó retí, ó retí. Ohun tí ó dé kò ju líle kan lọ, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni òtútù sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Tinúkẹ́." Ìyá rẹ̀ wo orúnkún náà nílẹ̀. "Ẹ̀jẹ́ mi."

"Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni mo kúnlẹ̀ fún, mà. Mo bá yín níwájú rẹ̀ ni."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó gbéra lórí àga. Ó wá balẹ̀ sórí Tinúkẹ́, ó wúwo, ó sì tutù.

"Àjọkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àjọkẹ́ mi, ọmọ Ajíbóyè. Ọmọ a-sáré-wọlé bí ìjì alẹ́, a-fẹsẹ̀-kọ orúkọ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tí mo fi..." Kò parí rẹ̀.

Ní pápá, àwọn àlejò ìpínlẹ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ààrá sì ń kùn lẹ́yìn àwọn òkè. Kóòṣì John pín àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó fi Kàbírátù sí ẹgbẹ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n ti gbá díẹ̀ ni Tinúkẹ́ tó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ létí pápá, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ ni, tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ láti ọjọ́ tí orúnkún náà já. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì tí ó jókòó sí nígbà yẹn, ó sì ki ìka bọ etí méjèèjì.

Bọ́ọ̀lù bọ́ sí àárín pápá. Ó ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ Tinúkẹ́, Kàbírátù sì ń bọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú gbogbo eré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín lónìí.

Ẹsẹ̀ Tinúkẹ́ fẹ́ yà. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe fẹ́ yà. Ó wo ọ̀dọ̀ bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì rí i tí ìyá rẹ̀ yọ ìka kúrò létí, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì, tí ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Tinúkẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀. Ó gbé gbogbo ara lé e, ó sì dúró de Kàbírátù.