Kì Í Ná Kí O Tó Bú U

3.
…bẹ́ẹ̀ ni ife tíì ṣe bọ́ lọ́wọ́ Àṣìkẹ́, ó fọ́ yángá. Kí ló fà á? Ọ̀gá pè é ni o! Orúkọ rẹ̀ lásán. Akọ̀wé tó mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà mú. Ẹ gbà mí!

3½.
Ọ́fíìsì Alájì Bàrúwà, Ìlaròó. Wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kọjá ní bọ́dà.
Ìjọba ti bọ́dà pa.
Ẹrù ò wọlé mọ́. Igbe Alájì nìkan ló ń wọlé, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó lè dá a dúró.

4.
Àṣìkẹ́ àti Suliat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí wọ́sáàpù:
— Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí o. Ṣùgbọ́n bó bá tún jágbe mọ́ mi, mo ti lọ nìyẹn.
— Lọ síbo? Lásìkò yìí?
— Àyà mi ń já.
— Ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé? Lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn ún.

5.
ÌKÉDE
(Màmá Alájì ló pa á láṣẹ)
ẸNI TÓ BÁ FẸ́ BÚ ÒṢÌṢẸ́ YÓÒ KỌ́KỌ́ KÌ Í NÍ ORÍKÌ RẸ̀.
KÒ GBỌDỌ̀ GÉ E KÚRÚ.

6.
ALÁJÌ: Gbọ́lá! Dẹ́rẹ́bà aláìníláárí—
ÀṢÌKẸ́: Oríkì, sà.
ALÁJÌ: (ó mí kanlẹ̀) Àjàmú… ọmọ a-gbin-iṣu-yí-ilé-ká… ọmọ a-jí-rẹ́rìn-ín… Kí lo tiẹ̀ ṣe?
GBỌ́LÁ: Mi ò rántí mọ́, sà. Ẹ ṣì máa kì mí lọ.

7.
Ohun tí Gbọ́lá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ náà kí wọ́n lè máa kì í:
pẹ́ dé
     sùn sórí tábìlì Alájì
bu iyọ̀ sí tíì Alájì
               tún pẹ́ dé

8.
Ọwọ́ Àṣìkẹ́ ò gbọ̀n mọ́.

9.
Àṣìkẹ́ gbọ́ àhesọ kan lọ́jà. Inú ẹ̀ dùn, ló bá tẹ Màdáámù Edith láago ní Kútọnu, oníbàárà wọn tó tóbi jù: wọn á ṣí bọ́dà ní Jímọ̀.
Jímọ̀ dé. Wọn ò ṣí nǹkan kan.
Màdáámù Edith pe Alájì. Ó bú u ní Yorùbá, ó bú u ní Faransé. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́.

10.
ALÁJÌ: Àṣìkẹ́.
ÀṢÌKẸ́: (báàgì ti wà léjìká rẹ̀) Sà?
ALÁJÌ: Ìwọ lo sọ fún un?
ÀṢÌKẸ́: Èmi ni, sà. Ẹ má bínú.
(Alájì la ẹnu. Igbe ò jáde. Ọwọ́ tiẹ̀ ló ń gbọ̀n.)
ALÁJÌ: Ó bú mi. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ kì mí.

11.
ALÁJÌ: Ta ló mọ oríkì mi níbí?

12.
Wọ́n ń wojú ara wọn. Àní gbogbo wọn! Kò sẹ́ni tó béèrè rí.

13.
Àṣìkẹ́ gbé báàgì sílẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà Màmá Alájì.
Ó ń dún.
Ó ń dún