Agbálùmọ̀ Tó Já Fúnra Rẹ̀

Ní gbogbo Pápá Àjàó, kò sẹ́ni tó ń ta agbálùmọ̀ tó burẹ́wà tó ti ìyá Fàrídà. Àpá kún ara wọn, oje ti gbẹ mọ́ wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti sán nídìí. Ẹni tí kò mọ obìnrin náà á yọ ṣùtì, á kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi aṣọ nu tiwọn kó lè máa dán. Kì í pẹ́ tónítọ̀hún fi ń padà wá, tí ẹnu rẹ̀ á ti kan. Ìyá Fàrídà á wá rẹ́rìn-ín.

"Ojú kọ́ ló ń jẹ agbálùmọ̀, ọmọ mi. Èyí tí wọ́n gungi ká ò tíì gbó dénú. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ni kó o máa mú."

Obìnrin yìí ló wá dùbúlẹ̀ gbalaja, tí kò jẹun mọ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n lọ máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Àfi Fàrídà, tó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, bí ìyá òun bá ti lè jẹun, ara rẹ̀ á mókun. Ó gbé ẹ̀kọ wá, ìyá kọ̀ ọ́. Ó se ẹja, ìyá yíjú sógiri.

"Ẹnu mi ò gba nǹkan kan mọ́," ni ìyá wí. "Àfi bóyá agbálùmọ̀. Èyí tó já fúnra rẹ̀ o."

Fàrídà pa iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ tì, ó gba ọjà lọ. Ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn ìdí wọn, ó ń ti àwọn tó ń dán sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń wá gan-an?" ni Jameelah tó ń tà á bi í. "Ẹ fi àwọn tó fáìn sílẹ̀, ẹ wá ń ṣa èyí tó fara pa!"

"Màmá mi ló fẹ́ jẹ ẹ́. Wọn kì í jẹ èyí tó ń dán."

Ó rí ọ̀kan tó ti sán, tí òórùn rẹ̀ mú kí itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré bọ̀ wálé.

Ó bá Síkírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Sùúrùlérè, lẹ́bàá ibùsùn. Òun náà ti ra tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ alágbálùmọ̀ lẹ ra èyí?"

"Fàrídà, jọ̀ọ́ o. Èmi náà gbìyànjú."

Fàrídà pa tirẹ̀, ó yọ kóró rẹ̀, ó fi í sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá rọra jẹ ẹ́.

"Ṣé ó dùn, Màámi?"

Ìyá na ọwọ́ sí ti Síkírù. Síkírù pa ọ̀kan, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn: ọmọ alágbálùmọ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kó tó fún ẹlòmíì. Ó kan débi pé ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé. Kó tó lè sọ̀rọ̀, ìyá ti gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti bù ú jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ lọ bó ṣe jẹ ti àkọ́kọ́. Kò fajú ro, àfi bí ẹni pé kò mọ̀ pé ó kan.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá mú òmíràn nínú ọ̀rá, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bà á.

"Èyí mà rẹwà o," ló wí. Fàrídà ò gbọ́ ọ rí kó sọ bẹ́ẹ̀ nípa agbálùmọ̀ kankan. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, kí n máa wò ó."

Fàrídà mú ìyókù èyí tó sán, ó jáde lọ jókòó sórí àpótí tí ìyá rẹ̀ fi ń tajà, ó bù ú jẹ. Látìgbà tó ti dáyé, kò tíì jẹ èyí tó dùn tó o. Ó ń sunkún, ó sì ń jẹ ẹ́, títí tó fi ku èèpo.