Bẹ́ẹ̀ Ni Tí Ẹ̀rọ Gbọ́ Sódì

“Kọ ọ́!” ni ọ̀gá wí.

“Mi ò kọ ọ́!” ni Ìyá Kọ̀ǹpútà fèsì.

Wọ́n ń pè é ní Ìyá Kọ̀ǹpútà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bí ẹnì kan. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lọmọ rẹ̀. Àṣẹ kan tó kọ sínú ẹ̀rọ ló máa ń gbá pàǹtí inú rẹ̀, àwọn fáìlì tí kò wúlò mọ́, dànù fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ fún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di elédè Yorùbá. Lọ́sàn-án yìí, gbígbá ń lọ geere, ó kan àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó dúró gbì, ó béèrè ohun tí kò béèrè rí:

“Ṣé kí n má pa èyí rẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Ọ̀gá, àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á síṣẹ́, ní kó kọ ọ́ sínú àṣẹ náà pé ìbéèrè yòówù tí ẹ̀rọ bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni ni èsì, kíṣẹ́ má baà dúró mọ́.

“Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé? Ó ní ṣé kóun má pa á. Bẹ́ẹ̀ ni, má pa á! Kí ló le níbẹ̀?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rọ ò gbọ́, wọ́n kàn fi kùn ún lẹ́nu ni. Bẹ́ẹ̀ ni yín lè di ‘pa á’ létí ẹ̀. Mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́.”

“Bóo bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí!”

“Kó bọ́! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi tiyín dán an wò ná. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kà níwájú ìgbìmọ̀ lọ́la ńkọ́?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ìyá Kọ̀ǹpútà yí àṣẹ náà kúrò lórí àwọn aláìsàn, ó kọjú rẹ̀ sí fáìlì ọ̀gá. Ìbéèrè yẹn tún yọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ọ̀gá ti gbé ìkòkò sẹ́nu. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, gbàà!

Fáìlì pòórá.

“Níbo ló lọ?”

“Ibi tẹ́ ẹ rán an, sà.”

“Gbé e padà!”

“Kò sí ẹ̀dà ẹ̀ níbì kankan. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ máa rántí.”

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń jó. Ọ̀gá dìde, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Gbogbo wọn rò pé ìlékúrò ló kàn. Ó fọwọ́ gbá tábìlì:

“Òmùgọ̀ wo ló ní ká máa fi bẹ́ẹ̀ ni dá gbogbo ìbéèrè lóhùn?”

“Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá.”

“Bọ̀dá kọ́! Ọ̀gá ni!”

“Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá.”

Ìyá Kọ̀ǹpútà kọjú sí ẹ̀rọ, ó ń kọ, ó ń kà á sókè kí ọ̀gá lè gbọ́: “Bí o bá rí ìbéèrè tí o kò mọ̀, má dáhùn. Dúró, kí o pè mí.”

Ọ̀gá wúkọ́. “Fi kún un pé kó pe èmi náà.”

“Rárá o,” ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.